Ta Ni Kò Sí Nínú Rẹ́jísítà? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ẹ̀kọ́ Fún Tolórí-Tẹlẹ́mù

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1880, àwọn olùkọ́ àti àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ adití péjọ sí ìlú Milan ní orílẹ̀-èdè Ítálì láti pinnu ọ̀nà tó dára jù láti máa kọ́ ọmọ adití lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn 164 ló jókòó sí ìpàdé náà. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni adití: James Denison, olùkọ́ láti Amẹ́ríkà. Ìpàdé náà dìbò, ó sì pinnu pé kí a pa èdè ọwọ́ tì, kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni a ó máa fi kọ́ àwọn ọmọ. Kí ọmọ máa wo ètè olùkọ́, kí òun náà sì máa fi tipátipá sọ ohùn tí etí rẹ̀ kò gbọ́ rí. Lójú wọn, ẹ̀rí wà nílẹ̀. Wọ́n ti mú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ adití Ítálì jáde, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè, àwọn ọmọ náà sì fi ẹnu dáhùn. Àwọn kan tó wà níbẹ̀ fura pé a ti kọ́ wọn ní ìdáhùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìfura kì í dìbò. Ó tó àádóje ọdún, ìyẹn ní 2010, kí àpérò àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ adití tó jókòó ní Vancouver, kó sì sọ ní gbangba pé òun kò fara mọ́ ìpinnu Milan.

Kì í ṣe pé àwọn ará Milan kò ṣe àgbéyẹ̀wò. Wọ́n ṣe é. Bí ohùn ọmọ ṣe ń dún létí ẹni tó gbọ́ràn ni wọ́n wọ̀n. Wọn kò wọn ohun tí ọmọ náà mọ̀ nípa ìṣirò, nípa ìtàn tàbí nípa ayé tó yí i ká. Àwọn tó di òṣùwọ̀n mú kì í sì í ṣe àwọn tí ẹ̀kọ́ náà wà fún. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ dúró lé. Lóde òní, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, orí ìgbékalẹ̀ ni gbogbo ariwo máa ń wà: ìwé bíráìlì, ọ̀rọ̀ abẹ́ fídíò, ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè gbà wọ kíláàsì, kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n léraléra ni ìtàn ń fi hàn pé ìgbà tí a bá ń díwọ̀n ni àṣírí máa ń tú, tí a sì máa ń mọ ẹni tó wà lọ́kàn wa nígbà tí a ń gbé ẹ̀kọ́ kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọn tó ṣẹ́kù sí kíláàsì nìkan ni a fi díwọn ẹ̀kọ́, a jẹ́ pé a ń fún un ní máàkì nítorí pé ó lé àwọn yòókù jáde.

Ọ̀rọ̀ bíráìlì kò yàtọ̀. Louis Braille, tí òun fúnra rẹ̀ fọ́jú láti kékeré, gbé ìlànà àmì rẹ̀ jáde ní 1829 ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú tó wà ní Paris. Tọwọ́-tẹsẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi gbà á, torí pé ìka tètè ń mọ àmì tó tò bí ẹ̀rún, ènìyàn sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Lẹ́tà ábídí tí a tẹ̀ kí ó wú sókè lórí pépà ni àwọn aláṣẹ fara mọ́ ní tiwọn, nítorí pé ẹni tó ríran lè kà á, ó sì lè fi ojú yẹ iṣẹ́ ọmọ wò. Nígbà tí Armand Dufau di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà ní 1840, ó fòfin de bíráìlì, àwọn ọmọ sì ń kọ ọ́ ní bòókẹ́lẹ́. Ọdún 1854 ni ìjọba Faransé tó tẹ́wọ́ gbà á. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Ohun tó rọ olùdánwò lọ́rùn ni wọ́n yàn, wọ́n wá pe ìrọ̀rùn ara wọn ní ire akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó kàn ló mọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pe ẹni tó kàn síbi ìpàdé.

Ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn èyí, ní 1984, àwọn olùwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, tí Anne Meyer àti David Rose wà lára wọn, dá àjọ CAST sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ya àwòrán ilé ni èrò tó mú wọn gbajúmọ̀ ti wá. Ron Mace, ayàwòrán ilé tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kò bójú mu kí a kọ́ ilé tán kí a tó máa wá ibi tí ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn yóò gbà wọlé. Kí a ti rò ó mọ́ ilé láti ìpìlẹ̀ ni. CAST gbé èrò náà wọ kíláàsì. Wọ́n ní kí a má ṣe máa wá àbùkù sára ọmọ, kí a wò ó bóyá ara ètò ẹ̀kọ́ ni àbùkù wà. Kí ọ̀nà tí ọmọ lè gbà pàdé ẹ̀kọ́ pọ̀, kí ọ̀nà tó lè gbà fi ohun tó mọ̀ hàn pọ̀, kí ohun tó lè mú un nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ náà sì pọ̀. Wọ́n tẹ ìlànà wọn jáde ní 2008, wọ́n sì ti tún un ṣe títí dé ẹ̀dà kẹta tó jáde ní 2024. Lójú tèmi, ìbéèrè kan tó fara pamọ́ sábẹ́ gbogbo rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù: kí gan-an ni a fẹ́ kí ọmọ mọ̀, èwo ló sì jẹ́ ọ̀nà lásán? Bí a bá fẹ́ kí ọmọ mọ bí ewéko ṣe ń ṣe oúnjẹ rẹ̀ láti inú oòrùn, àròkọ ojú ewé méjì lédè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ẹ̀kọ́ náà, ọ̀nà kan lára ọ̀nà ni. Bí ó bá jẹ́ pé kíkọ àròkọ ni ẹ̀kọ́ náà, ọ̀rọ̀ yí padà, a kò lè fi àwòrán dípò rẹ̀. Olùkọ́ tí kò bá ya ìbùsọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà yóò máa wọn ọ̀nà, yóò sì máa rò pé ìbùsọ̀ lòun wọ̀n.

Kò sí ibi tí ìdàpọ̀ yìí ti ń pa ọmọ lára nílẹ̀ wa tó ọ̀rọ̀ èdè. Bí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá kùnà ìbéèrè ìṣirò tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, ṣé ìṣirò ni kò mọ̀ ni, àbí ìbéèrè ni kò yé e? Òdo kan náà ni a ń kọ sí iwájú orúkọ ọmọ tí kò mọ ìṣirò àti ọmọ tí ìbéèrè kò yé. Ọ̀rọ̀ yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ gbé wọ kíláàsì ní 1970, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì di iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Wọ́n fi kíláàsì mìíràn ṣe àfiwé, èyí tó ń tẹ̀ lé àṣà tó ti wà nílẹ̀: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, Ford Foundation sì fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n díwọ̀n, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ló mókè nínú àwọn iṣẹ́ gbogbo tí wọ́n fi wé ara wọn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wọn kò gbẹ́yìn. Ìwé tí Fáfúnwá, Macauley àti Sokoya kọ lórí iṣẹ́ náà jáde ní 1989.

Èsì náà ni àwọn ènìyàn máa ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà díwọ̀n ló wú mi lórí jù. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi tẹ̀ lé àwọn ọmọ, kì í ṣe sáà kan. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n fi wọ́n wé. Wọ́n tún wọn Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ ohun tí ẹ̀rù ń ba àwọn alátakò pé yóò bàjẹ́. Àgbéyẹ̀wò tí kò bá wọn ohun tí alátakò ń bẹ̀rù kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, àríwísí kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìwé tuntun, olùkọ́ tí a múra sílẹ̀, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àkànṣe, àfiyèsí àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì: èwo nínú gbogbo rẹ̀ ló gbé àwọn ọmọ náà ga? Bóyá èdè kọ́. Mo gbà pé ìwọ̀nba ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n lò kò lè gbé gbogbo ẹrù tí a ti dì lé iṣẹ́ Ifẹ̀ lórí láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí àríwísí yìí fúnra rẹ̀ ń lọ. Ohun tó ń sọ ni pé èdè àbínibí, ìwé àti olùkọ́ jọ ń rìn ni, a kò sì lè mú ọ̀kan nínú wọn kí a fi àwọn yòókù sílẹ̀ kí a máa retí èsì Modákẹ́kẹ́. Ìjọba tó bá pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi èdè ìbílẹ̀ kọ́ ọmọ, tí kò sì tẹ ìwé kan ṣoṣo jáde, kò ṣe ohun tí Fáfúnwá ṣe.

Irú rẹ̀ sì ṣojú wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí Adamu Adamu jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé èdè ìbílẹ̀ ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó máa fi wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà tó wà níbẹ̀ nígbà náà, Tunji Alausa, kéde pé a ti fagi lé e, kí wọ́n padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí tó sọ ni pé àwọn agbègbè tó lo èdè ìbílẹ̀ jù ló ń kùnà jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú ẹ̀rí yìí. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà náà kò lè jókòó sí WAEC kí ó tó di nǹkan bí 2034. Nítorí náà, èsì 2025 kò lè sọ ohunkóhun nípa ìlànà 2022. Bí a bá ní àṣà tó ti wà ṣáájú ni mínísítà ń sọ, àwọn agbègbè wọ̀nyí kò yàtọ̀ síra ní èdè nìkan. Wọ́n yàtọ̀ ní ìṣẹ́, ní iye olùkọ́, ní ààbò, ní iye ọmọ tí kò tilẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ rí. Ẹni tó bá sì fi ìdánwò tí a kọ ní Gẹ̀ẹ́sì wọn àǹfààní èdè ìbílẹ̀ ti padà sí ibi tí Milan wà: etí ẹni tó ń gbọ́ ni òṣùwọ̀n. Ó ṣeé ṣe kí mínísítà tọ̀nà. Àmọ́ ẹ̀rí tó mú wá kò lè fi hàn bóyá ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà.

Alátakò mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbára ju ti mínísítà lọ. Yóò bi wá pé èdè ìbílẹ̀ ta ni? Ní Àjẹgúnlẹ̀, ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò, ọmọ Ìjọ́ àti ọmọ Ùròbò lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ní Badagry, ọmọ Ègùn tí a bá fi Yorùbá nìkan kọ́ ń jẹ irú ìyà tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń jẹ ọmọ Yorùbá. Ọmọ adití tí a bí sí Ìbàdàn kò sì gbọ́ Yorùbá ìyá rẹ̀ rí. Nígbà tí Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ adití fúnra rẹ̀, dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, èdè ọwọ́ tó ti Amẹ́ríkà wá ló mú bọ̀, orí rẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú èdè ọwọ́ tí àwọn adití ń lò ní Nàìjíríà lónìí dúró lé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ìfẹ́ èdè baba rẹ̀ pa ọ̀rọ̀ yìí dé kò tíì ronú nípa ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ló ń sọ. Mo fara mọ́ Yorùbá ní kíláàsì nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ lè gba ibẹ̀ dé ibi tí ìmọ̀ wà, kì í ṣe nítorí pé ó yẹ kí a bọlá fún èdè náà. Níbi tí kò bá ti ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ kan, ìdí tí mo fi fara mọ́ ọn ti kúrò níbẹ̀ fún ọmọ yẹn, a sì gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn fún un.

Àgbà gbogbo ìjà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti pé ìpele ẹ̀kọ́ ń wálẹ̀. Ìjà náà ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí 457,000 ọmọ ló wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní 1954; ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti lé ní 811,000. Kò pẹ́ tí ariwo fi ta pé ẹ̀kọ́ ti bàjẹ́, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní 1960, tí Banjo jẹ́ alága rẹ̀, láti yẹ gbogbo ètò náà wò. Òótọ́ wà nínú ẹjọ́ tí àwọn ènìyàn rò: àwọn tó ń kọ́ni láìgba ẹ̀kọ́ ìkọ́ni pọ̀ jọjọ, ìwé kò tó, kíláàsì sì kún àkúnya. N kò fẹ́ bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò kan wà tí àwọn tó ń pariwo kì í ṣe. Ká ní ogún ọmọ ló wà ní kíláàsì kan, tí a ro máàkì wọn pọ̀, tí a pín in, tí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60. Ká ní ogún mìíràn wọlé, àwọn tí wọn kì bá tí rí ẹsẹ̀ kan gbé wọ ilé ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀, tí tiwọn sì jẹ́ 40. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ báyìí tí a pín in, 50 ni yóò jẹ́. Kò sí ọmọ kankan tó pàdánù máàkì kan; ogún ọmọ tí kò mọ nǹkan kan ti ń mọ nǹkan; síbẹ̀ ìwé ìròyìn yóò kọ ọ́ pé ẹ̀kọ́ ti já wálẹ̀ láti 60 sí 50. Ìdàkejì rẹ̀ ló burú jù. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá fi ọgbọ́n ní kí àwọn aláìmọ̀wé rẹ̀ lọ wá ibòmíràn kí ó tó di ìgbà WAEC yóò gba ìyìn, láìjẹ́ pé ó kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohun kan tó lé sí ti àná. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìròyìn èsì ìdánwò tí kò bá ní iye àwọn tó bẹ̀rẹ̀, iye àwọn tó kúrò àti ìdí tí wọ́n fi kúrò nínú kò tíì di ìròyìn ẹ̀kọ́.

Bí mo ti ń bá àwọn ará Milan wí, ó yẹ kí n yẹ ẹ̀rí àwọn tí mo fara mọ́ wò pẹ̀lú. Ní 2017, Matthew Capp kó ìwádìí 18 jọ tó jáde láàárín 2013 sí 2016 lórí ìlànà CAST. Ohun tó rí ni pé ìlànà náà ń mú ìkẹ́kọ̀ọ́ dára sí i fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n pé a kò tíì fi ẹ̀rí hàn dáadáa pé ó ń mú èsì ẹ̀kọ́ gòkè. Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni. Àwọn kan tilẹ̀ ń dà á pọ̀ mọ́ èrò àtijọ́ pé ọmọ kan jẹ́ ọmọ ojú, èkejì jẹ́ ọmọ etí, ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ ọwọ́, pé kí a wá èyí tó bá oníkálukú mu. Harold Pashler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ èrò yẹn wò ní 2008, wọn kò sì rí ẹ̀rí gidi tó gbè é lẹ́sẹ̀. Olùkọ́ tó bá pín kíláàsì rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ọmọ tó kàn fẹ́ràn àwòrán àti ọmọ tí kò lè rí àwòrán. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìfẹ́ inú. Ti èkejì, bí a kò bá sọ ohun tó wà nínú àwòrán náà fún un, ẹ̀kọ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Kò yẹ kí a máa dúró de ìwádìí tí yóò sọ fún wa bóyá ó ṣàǹfààní kí afọ́jú mọ ohun tí a kọ sí pátákó. Níbi tí a bá ti ń ṣí ilẹ̀kùn, ẹ̀tọ́ ni. Níbi tí a bá ti ń sọ pé ọ̀nà kan sàn ju òmíràn lọ fún gbogbo ọmọ, ibẹ̀ ni kí a ti béèrè ẹ̀rí, kí a sì béèrè rẹ̀ láìṣojúsàájú.

Ó máa ń wu àwọn aláṣẹ kí ẹ̀rọ bá wọn ṣe àgbéyẹ̀wò náà. Sọ́fíwíà wà tí ń yẹ ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì wò bóyá aláàbọ̀ ara lè lò ó, tí yóò sì sọ pé ó yege tàbí kò yege. Ní 2017, ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ojú ìwé kan tó burú jáì, tí ìdíwọ́ inú rẹ̀ lé ní 140, wọ́n sì ní kí irú sọ́fíwíà bẹ́ẹ̀ wá a kiri. Èyí tó mú jù nínú wọn kò rí ìdajì. Ẹ̀rọ lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ àwòrán. Kò lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní ti Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Lẹ́tà tó ní àmì lókè àti ẹ̀rún nísàlẹ̀, bíi ẹ́ àti ọ́, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode. Kọ̀ǹpútà ní láti so ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ ni. Ẹni tó ríran lè ka ìwé tí a tẹ̀ láìfi àmì sí, kó fi òye tún un ṣe. Bí ohùn inú kọ̀ǹpútà tí a ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì bá ń kà á sí etí afọ́jú, ohun tí yóò jáde kì í ṣe Yorùbá, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ tó bá tẹ ìwé kíláàsì rẹ̀ láìfi àmì sí ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kan láìmọ̀, kò sì sí sọ́fíwíà tí yóò ké sí i. Ẹni tó ń fi etí kàwé lè sọ fún un láàárín ìṣẹ́jú kan, bí a bá pè é. Ohun tí JAMB ṣe jọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ìdánwò rẹ̀ ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá ní 2015, ó gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní 2017 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola láti máa ṣètò ìdánwò àwọn afọ́jú lọ́tọ̀, pẹ̀lú bíráìlì àti àkókò tó tó. Òfin orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, tilẹ̀ ní kí bíráìlì àti èdè ọwọ́ wà lára ètò ẹ̀kọ́. Ẹ yẹ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ yín wò fúnra yín bóyá wọ́n wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá sọ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ lè ba ti gbogbo ènìyàn jẹ́ ní àpẹẹrẹ kan lọ́wọ́ tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Yunifásítì California ní Berkeley ti fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀kọ́ inú yàrá rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn adití kan fẹjọ́ sùn pé púpọ̀ nínú fídíò náà kò ní ọ̀rọ̀ lábẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ Amẹ́ríkà kọ̀wé sí yunifásítì náà pé ó rú òfin. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, Berkeley mú fídíò àti ohùn tó lé ní 20,000 kúrò níbi tí ará ìta ti lè rí i. Tadití-tagbọ́ràn ló pàdánù. Ìbínú àwọn tó sọ pé ọwọ́ òfin le jù yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fa ìnáwó náà. Ọdún bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀kọ́ síta láìbi adití kan léèrè; gbèsè náà ń ga lójoojúmọ́, ọjọ́ tí ẹni tó jẹ gbèsè fẹ́ san án ló tó rí i pé ó pọ̀. Ní ọdún 2022, Berkeley àti ìjọba bá ara wọn ṣe àdéhùn níwájú ilé ẹjọ́ pé ẹ̀kọ́ tó bá wà fún ará ìlú yóò máa bá ìlànà mu. Èrò tèmi ni pé kí òfin le sí ohun tuntun, kí ó sì fún àwọn ohun àtijọ́ ní àkókò. Kí ẹnikẹ́ni má sì rí ọ̀nà gbà sọ pé nítorí adití ni òun ṣe gba ìwé lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

Owó pàápàá kì í sábà wà níbi tí a rò pé ó wà. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní Botswana ní 2020, Noam Angrist àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ọ̀nà méjì wò pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé. Wọ́n fi ìbéèrè ìṣirò ránṣẹ́ sí àwọn kan lórí fóònù ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Fún àwọn mìíràn, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ránṣẹ́, olùkọ́ sì tún pè wọ́n fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Àwọn tí a pè ni ìṣirò wọn gòkè. Fóònù lásán, kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe kọ̀ǹpútà alágbèéká. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n pín àwọn ìdílé náà láìṣojúsàájú, tí wọ́n sì tún wọn ìmọ̀ ọmọ lórí fóònù kan náà, ní ibi tí ọmọ wà. Bí ó bá jẹ́ iye àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni wọ́n kà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìjọba ti ń ka iye kọ̀ǹpútà tí wọ́n pín, wọn ì bá ti kéde àṣeyọrí lórí ọ̀nà tí kò ṣiṣẹ́.

Ẹjọ́ tó kù ni ti àwọn tó sọ pé àfikún àkókò àti ìrànlọ́wọ́ nínú ìdánwò jẹ́ ìṣojúsàájú, pé ẹni tó yára ni ó yẹ kó mókè. Ìdáhùn mi kò yí padà kúrò lórí ìbùsọ̀ àti ọ̀nà. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí ìyára jẹ́ ara ìmọ̀ wọn: nọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ ka ìwọ̀n oògùn kí aláìsàn tó dákú, akọ̀wé ilé ẹjọ́ tó gbọ́dọ̀ bá ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò rìn. Níbẹ̀, kí a wọn ìyára, kí a má sì tijú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe é kò tíì kún ojú òṣùwọ̀n, ìbáà ríran, ìbáà má ríran. Níbi tí ìyára kì í bá ṣe ara ohun tí a ń kọ́ni, kò yé mi ìdí tí a fi ń lé ọmọ kankan bí ẹni ń lé olè, àti ọmọ tó ń fi ìka ka bíráìlì, àti ọmọ tó kàn máa ń ronú pẹ́ kó tó kọ̀wé. Bí àjọ ìdánwò bá ní ìyára wà lára ohun tí àwọn ń wọ̀n nínú ẹ̀kọ́ ìtàn tàbí bàọ́lọ́jì, kí wọ́n kọ ọ́ sínú sílébọ́ọ̀sì ní kedere, kí a lè bá wọn jiyàn lé e lórí.